Kí ló ń pa ẹgbẹ́ eléré ọkọ̀ kékeré? Ìdáhùn fún òǹkọ̀wé kan n'Íbàdàn

Ìbéèrè: Ìtàn àròsọ ni mò ń kọ, nípa ẹgbẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje. Ọ̀gá mẹ́káníìkì kan ní Mọ́kọ́lá ló dá a sílẹ̀. Alhájà kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ló gbọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ti fi Máíkírà ṣe tasí rí ló ń wakọ̀ fún wọn. Corolla kan ṣoṣo ni wọ́n ní, pápá ìdíje sì jìnnà tó ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án sí Ìbàdàn. Mo là ìdíje mẹ́fà sílẹ̀ fún wọn láàárín oṣù mọ́kànlá, mo sì kọ ọ́ pé ẹ́ńjìnnì bú gbàù ní ìkẹfà, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ mẹ́káníìkì kà á, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní ẹgbẹ́ kì í kú báyẹn. Báwo ló wá ṣe ń kú?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ. Ẹ́ńjìnnì tó bú kì í pa ẹgbẹ́. Bí owó bá wà, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn wà ní Àràròmí l'Ágodi Gate. Wọ́n á rà á láàárọ̀, á ti wà nínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bú, owó tó yẹ kí wọ́n fi ra òmíràn ti bá nǹkan mìíràn lọ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò kà kún nígbà yẹn. Ẹnu ọ̀nà tí ikú gbà wọlé ni kẹ́ ẹ kọ. Ibi tí òkú sùn sí ò le kọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó kú lóòótọ́ ní Formula One, ìdíje ọkọ̀ tó ga jù lágbàáyé, níbi tí owó ti pọ̀ jù, tí àṣìṣe sì jọ ti Mọ́kọ́lá bí ìbejì.

Lọ́dún 1990, ẹgbẹ́ Ítálì kan tó ń jẹ́ Life gbé ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ wá, W12: sílíńdà méjìlá tí wọ́n tò ní ìlà mẹ́ta. Agbára ẹṣin bíi 480 ni wọ́n ní ó ní, nígbà tí ti àwọn yòókù ti lé ní 600. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ìgbà mẹ́rìnlá ni wọ́n gbìyànjú láti kọjá ìsáré àṣàyàn tó ṣáájú ìdíje gan-an, wọn ò kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Imola, pápá kan ní Ítálì, ìyípo kan tí àwọn ẹlòmíràn ń fi bíi ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ sá gbà wọ́n ní ohun tó lé ní ìṣẹ́jú méje. Nígbà tí W12 sú wọn, wọ́n fi V8 (sílíńdà mẹ́jọ) ilé iṣẹ́ Judd sí i ní Pọ́túgà, àmọ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì ò bá a mu, ó sì fò já lórí pápá. Wọn ò lọ sí ìdíje méjì tó kẹ́yìn ọdún náà rárá.

Lọ́dún 1992, oníṣòwò bàtà kan ní Ítálì gbé Andrea Moda dìde. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n lé wọn kúrò nítorí pé wọn ò san 100,000 dọ́là tí ẹgbẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ní Mẹ́síkò, ọkọ̀ ò tíì parí. Ní Kánádà, ẹ́ńjìnnì wọn ò dé, ọ̀kan tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Brabham ni wọ́n lò. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn awakọ̀ tírélà dí ọ̀nà láti fi ẹ̀hónú hàn. Gbogbo ẹgbẹ́ yòókù wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà dé pápá, àfi tiwọn. Lẹ́ẹ̀kan péré ni wọ́n wọ ìdíje gan-an, ní Monaco, Roberto Moreno ló wakọ̀, ìyípo mọ́kànlá ló sá kí ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọlọ́pàá mú ọ̀gá wọn lórí ẹ̀sùn ìwé ìsanwó ọjà ayédèrú, FIA, àjọ tó ń darí eré ọkọ̀ lágbàáyé, sì lé ẹgbẹ́ náà dànù.

Ti Lola ló sún mọ́ ti yín jù. Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe ọkọ̀ ìdíje fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ náà. Ọdún 1998 ni wọ́n ní lọ́kàn, àmọ́ onígbọ̀wọ́ wọn, MasterCard, ń kánjú, ni wọ́n bá fa iṣẹ́ náà wá sí 1997. Ọkọ̀ náà ò wọ ihò atẹ́gùn tí wọ́n fi ń dán ọkọ̀ wò kó tó wọ pápá. Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tí àkókò rẹ̀ bá kọjá ìdá 107 nínú 100 ti ẹni àkọ́kọ́ ò ní bá wọn díje. Ní Melbourne, Jacques Villeneuve fi ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 29.4 sá ìyípo kan, òkè tí òfin gbà sì jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti 35.6. Èyí tó yá jù nínú ọkọ̀ Lola méjèèjì fi ìṣẹ́jú kan àti 41 sá a. Kí ìdíje kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní Bràsíìlì, wọ́n ti di ẹrù wọn lọ sílé.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ibi tí ọwọ́ awakọ̀ ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ kí ọmọ Máíkírà yẹn ṣe àṣìṣe ńlá kan ní orí kẹwàá. Ẹ má fi ìyà jẹ ẹ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Mọ́kọ́lá. Ẹ má kọ iye náírà sínú ìwé yín. Iye tí ẹ bá kọ lónìí á ti di àwàdà kí ìwé tó jáde. Ẹ pe owó ọdún kan ní 100, kẹ́ ẹ pín in: ọkọ̀, àgò irin, ìjókòó àti bẹ́líìtì gba 35, lọ́rì tó ń gbé ọkọ̀ lọ gbé e bọ̀, epo, àti ibi tí wọ́n máa sùn gba 20, táyà 15, owó ìforúkọsílẹ̀ ìdíje mẹ́fà 10, ẹ́ńjìnnì àpamọ́ 10, 10 tó kù fún ohun tí ojú ò tíì rí.

Alhájà yín ò ní kó 100 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oníṣòwò ni. Á fún wọn ní 40 lọ́wọ́, á ní òun á san ìyókù bí ọkọ̀ bá ti wọ ipò kẹta sókè, ọ̀gá á sì gbà, torí ó mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ wá ṣírò: nígbà tí wọ́n bá yọ 35 ọkọ̀ kúrò nínú 40, ó ku 5. Lọ́rì àti ìforúkọsílẹ̀ ìdíje kan ṣoṣo, 5 náà ni. Kò sí táyà níbẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì àpamọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Alhájà, tí wọ́n mu mínírà tútù, tí wọ́n ya fọ́tò, ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ náà ti wọ gbèsè. Ẹ má jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ síbẹ̀. Ẹ kàn kọ iye rẹ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìdíje kìíní. Wọn ò ní sáré rárá, àgò irin ló máa dá wọn padà. Àgò irin ni páìpù tí wọ́n jó pọ̀ yí awakọ̀ ká nínú ọkọ̀, kí òrùlé má baà tẹ̀ ẹ́ pa bí ọkọ̀ bá takìtì. Òfin FIA sọ irú irin tó gbọ́dọ̀ jẹ́. Irin tí wọ́n fà ní tútù, tí kò ní ojú ìjópọ̀ kankan lára. Òpó ńlá ẹ̀yìn awakọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mm 45 níta, kí ògiri rẹ̀ nípọn tó mm 2.5, tàbí kó jẹ́ 50 pẹ̀lú 2.0. Àwọn yòókù lè jẹ́ 38 pẹ̀lú 2.5, tàbí 40 pẹ̀lú 2.0. Níbi tí ẹsẹ̀ páìpù ti kan ilẹ̀ ọkọ̀, pátákó irin tó nípọn tó mm 3 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 lọ́nà 10, torí láìsí ìyẹn, bí ọkọ̀ bá dojú délẹ̀, òpó náà á gún ilẹ̀ pẹlẹbẹ ọkọ̀ bí ìgbà tí ṣíbí gún páànù mílíìkì.

Wẹ́dà tí ọ̀gá yín mọ̀, géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe. Páìpù omi ló máa lò, èyí tí wọ́n fi síńkì bò. Lójú, ó tóbi, ó le. Ṣùgbọ́n ojú ìjópọ̀ wà lára rẹ̀ láti orí dé ìdí. Nígbà tí iná bá kàn án, síńkì yẹn á rú èéfín funfun, ibà á mú wẹ́dà lóru ọjọ́ náà, ojú ìjópọ̀ tó jó á sì ní ihò wẹ́wẹ́ nínú bí inú àkàrà. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ páìpù lọ́wọ́ rẹ̀, iná ló fi rọ̀ ọ́ kó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí náà inú kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á ká bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò kì í bá èèyàn jiyàn. Wọ́n á fi kálípà wọn páìpù, wọ́n á fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ìjópọ̀, wọ́n á kọ «rárá» sórí fọ́ọ̀mù. Kò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú méjì lọ. 5 ti lọ, ọkọ̀ ò sì tíì yí táyà lẹ́ẹ̀kan.

Àtúnṣe rẹ̀ máa gba 6. Níbo ni wọ́n ti máa rí i? Níbi èésú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá gba èésú tirẹ̀ lóṣù yẹn, kó jẹ́ 16: 6 fún àgò tuntun, 5 fún ìdíje kejì, 5 fún ìkẹta. Ó ti kó o jẹ, àmọ́ á máa dá a lóṣooṣù títí ọdún á fi parí. Nínú gbogbo ìwé yín, ibí yìí ló le jù fún ẹni tó bá mọ èésú, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ kọ ju ìlà mẹ́ta lọ nípa rẹ̀.

Ìdíje kejì, bíréèkì. Ẹ ní kí pápá náà gùn tó kìlómítà mẹ́ta àti díẹ̀, kí wọ́n máa yí i lọ́nà aago, ìyípo 12, kí ibi méjì wà tí awakọ̀ ti gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gan-an. Corolla tí wọ́n ti tú inú rẹ̀ dànù á wúwo tó kílò 1,050 pẹ̀lú awakọ̀. Bó bá ń bọ̀ ní kìlómítà 160 ní wákàtí kan, tó fẹ́ bọ́ sí 70, ooru tí bíréèkì máa gbé jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tó èyí tó lè hó omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lítà mẹ́ta láti tútù. Ẹ sọ ọ́ di ìgbà 24. Lójú pópó Ìwó Road, bíréèkì ń rí àyè mí. Lórí pápá, ó ń gba ooru tuntun kí ti àkọ́kọ́ tó jáde.

Ooru yẹn á gba ara páàdì dé ibi omi bíréèkì. DOT 3 tuntun ń hó ní 205°C. Ṣùgbọ́n omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bó bá sì ti gbà á tó, 140°C ló máa hó. DOT 4 tuntun ń hó ní 230°C, èyí tó ti gba ọ̀rinrin ní 155°C. Ìgò tí ọ̀gá lò ti wà lórí pẹpẹ ìsọ̀ láti ìgbà òjò ọdún tó kọjá, ìdérí rẹ̀ ò le. Ní ìyípo kẹfà, omi bíréèkì tó ń hó á di afẹ́fẹ́ nínú páìpù. Omi ò ṣeé tẹ̀ pọ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ ṣeé tẹ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ á kàn wọlẹ̀ tààrà bíi pé kò sí nǹkankan lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti wa Máíkírà ní Ìbàdàn mọ ohun tó máa ṣe: á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá, á já gíá sílẹ̀, á sì gbé ọkọ̀ jẹ́jẹ́ délé. Ipò ìkẹyìn ló máa gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ pé ó parí ìdíje. Ìgò DOT 4 tuntun méjì ni ìwòsàn rẹ̀, kí wọ́n fa omi àtijọ́ jáde, bẹ̀rẹ̀ láti táyà tó jìnnà jù sí másítà, ohun tó ń ti omi bíréèkì lọ sídìí táyà, títí èyí tó mọ́ gaara á fi máa jáde. Wọ́n á ṣe é, torí kò wọ́n. Àṣà irú ẹgbẹ́ báyìí nìyẹn. Ohun tí kò wọ́n ni wọ́n ń tún ṣe.

Ìkẹta ni ẹ́ńjìnnì, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbí.

Bí Corolla yín bá jẹ́ èyí tó jáde láàárín 1998 sí 2002, tó sì jẹ́ 1.8, 1ZZ-FE ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Lítà 3.7 ni ọ́ìlì rẹ̀ bí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà. Àìsàn tí gbogbo mẹ́káníìkì mọ̀ mọ́ àwọn àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ń jẹ ọ́ìlì: àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lẹ́yìn rìǹgì písítìnì kéré, ìdọ̀tí ń dí wọn, ọ́ìlì á wá máa gòkè lọ jóná. Ẹni tó ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ á máa fi kún un lọ́sẹ̀ méjì méjì. Lórí pápá, kò sẹ́ni tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárín ìdíje.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sọ́ǹpù, ìyẹn agbada ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń gbé. Ẹni tó bá ti gbé abọ́ ọbẹ̀ lé itan nínú Máíkírà tó ń ya wọ Sángò mọ bó ṣe ń rí, ọbẹ̀ á gun ẹ̀gbẹ́ kan. Táyà tó dára lórí ilẹ̀ gbígbẹ lè ya kọ̀rọ̀ pẹ̀lú agbára tó tó ìdá 0.9 ìwúwo ọkọ̀. Ní irú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ọ́ìlì ò ní tẹ́ mọ́, á dàgẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n bíi 42 dígírì. Ọ̀pá tó ń fa ọ́ìlì dúró sójú kan nísàlẹ̀. Bí lítà kan bá ti jóná nínú 3.7, tí kọ̀rọ̀ náà sì gùn, ẹnu ọ̀pá á yọ síta, afẹ́fẹ́ ló máa fà. Ní yíyí 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kráńkì, ọ̀pá ńlá tí písítìnì ń yí, ń yí ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá méjì láìsí ọ́ìlì jẹ́ ìgbà 200 tí irin ń họ irin. Iná pupa á tàn fìrí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, á kú. Awakọ̀ ò rí i, ẹnu kọ̀rọ̀ ló ń wò.

Kò ní bú gbàù. Ohun tí ẹ kọ yẹn ló pa ẹ̀gbọ́n yín lẹ́rìn-ín. Á kọ́kọ́ máa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni fi ìka kan ilẹ̀kùn pákó, bí awakọ̀ bá sì tẹ tọ́tù, á yára sí i. Nọ́ọ̀kì nìyẹn, bẹ́rìn kọnrọ́ọ̀dù, irin fẹ́lẹ́ tó wà láàárín ọ̀pá písítìnì àti kráńkì, ló ti lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá tú ọ́ìlì náà sínú bàsíà, kó da díẹ̀ sórí háńkáṣíìfù funfun, kó gbé e sójú oòrùn. Ọ́ìlì á gba inú aṣọ lọ, ohun tó máa kù lójú rẹ̀ ni erùpẹ̀ irin tó ń dán wínníwínní, àwọ̀ fàdákà, pẹ̀lú pupa bàbà díẹ̀díẹ̀ láàárín rẹ̀. Kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti sọ̀rọ̀ nínú ìran yẹn. Mẹ́káníìkì tó bá rí bàbà mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Ìwòsàn rẹ̀? Pátákó irin pẹlẹbẹ tó ní ihò, tí wọ́n jó sínú sọ́ǹpù láti dí ọ́ìlì lọ́wọ́ kó má sá kúrò nídìí ọ̀pá, àti ọ́ìlì tó fi bí ààbọ̀ lítà ju ti ojú pópó lọ. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún wẹ́dà, kódà fún wẹ́dà géètì yẹn náà. Wọn ò ṣe é kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ torí wọn ò mọ̀, wọn ò sì ní ṣe é lẹ́yìn rẹ̀ torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ́ńjìnnì tuntun ní Àràròmí jẹ́ 10. Ọ̀gá á san 4, á jẹ 6. 4 yẹn, owó tí oníbàárà kan kó sílẹ̀ fún gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ni. Ọkọ̀ oníbàárà náà á wà nínú ìsọ̀ láìní gíábọ́ọ̀sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ní kó máa pè lójoojúmọ́. Àkókò ò sí láti ṣí sọ́ǹpù. Lọ́rì gbà láti gbé wọn lọ sí ìdíje kẹrin láwìn, awakọ̀ sì fi owó ara rẹ̀ san ìforúkọsílẹ̀.

Ìdíje kẹrin ni kí òjò rọ̀.

Ibí ni ìwé yín wà, ẹ má fi ṣeré. Gbogbo ẹni tí ò mọ ọkọ̀ rò pé òjò ń ba nǹkan jẹ́ fún ọkọ̀ tó ṣàìsàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ tútù, táyà ò lè ya kọ̀rọ̀ ju ìdá 0.5 ìwúwo ọkọ̀ lọ, ọ́ìlì á dàgẹ̀rẹ̀ ní bíi 27 dígírì péré, ẹnu ọ̀pá ò ní yọ síta. Bíréèkì ò gbóná, torí wọn ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ti ilẹ̀ gbígbẹ, omi sì ń fọ́n sí i. Rédíétọ̀ tútù. Agbára ẹ́ńjìnnì tí àwọn olówó fi ju tiwọn lọ ò wúlò, torí táyà wọn ń yọ̀. Lójijì, gbogbo àìsàn Corolla náà sápamọ́. Ọmọ tó ti wakọ̀ la àgbàrá kọjá nínú Ìbàdàn láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án mọ bí èèyàn ṣe ń fi ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́ tẹ tọ́tù. Á gba ipò karùn-ún.

Òjò gba ẹnìkan là, ó sì pa ẹlòmíràn lóòótọ́ rí. Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ kékeré Manor ní máàkì kan, èyí tí Pascal Wehrlein gbà ní Austria, ìyẹn sì ń gbé wọn sí ipò kẹwàá, ipò tí owó wà. Ní Bràsíìlì, òjò rọ̀ gidi, Felipe Nasr gbé ọkọ̀ ẹgbẹ́ Sauber sí ipò kẹsàn-án, máàkì méjì. Sauber bọ́ sí ipò kẹwàá, Manor jábọ́ sí ìkọkànlá. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2017, Manor ti kógbá wọlé. Ọkọ̀ wọn ò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ló sáré dáadáa.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Alhájà. Ó rí fọ́tò ipò karùn-ún lórí WhatsApp, inú rẹ̀ dùn, ó yọ 15 síi, àdéhùn ipò kẹta kò tíì ṣẹ o, inú dídùn lásán ni. Ẹ wo bí 15 ṣe lọ: 5 fún ìdíje karùn-ún; 4 fún oníbàárà gíábọ́ọ̀sì kó tó pe ọlọ́pàá; 6 tó kù, Alhájà ní kí wọ́n fi kun ọkọ̀, kí wọ́n sì rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún gbogbo ẹgbẹ́, nínú ankará tirẹ̀. Oníṣọ̀ọ́bù aṣọ ni, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ lè pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín níbí bó bá wù yín. Owó pátákó inú sọ́ǹpù ò tó ìdajì owó bọ́tìnì aṣọ yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló máa lọ sọ fún un, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti ṣe dáadáa, pé ọkọ̀ ò dáa?

Ìkarùn-ún, oòrùn. Mi ò ní kí ẹ́ńjìnnì tún bàjẹ́, a ti rí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ táyà iwájú lápá òsì. Pápá tí wọ́n ń yí lọ́nà aago, ọ̀tún ni kọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí, ìwúwo ọkọ̀ á máa já sí òsì, táyà iwájú òsì ló ń gba ìyà jù nínú ọkọ̀ tó ń fi iwájú fà. Ọkọ̀ ojú pópó dúró ṣánṣán lórí táyà rẹ̀. Lórí pápá, ó yẹ kí wọ́n dà á sínú ní dígírì 2 àti ààbọ̀ sí 3, kí ojú táyà lè tẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Tiwọn ò dà, nítorí náà èjìká ìta táyà nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tún wà níbẹ̀: fún ìwọ̀n ooru 5 sí 6°C kọ̀ọ̀kan, táyà máa ń fi bíi psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) kan lé. Bí wọ́n bá kì í ní psi 32 ní tútù gẹ́gẹ́ bí fọkanáísà ṣe ń ṣe, lẹ́yìn ìyípo márùn-ún á ti kọjá 38, táyà á wú láàárín, á sì máa yọ̀. Ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní bíi 26, kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní gbígbóná gbàrà tó bá wọlé. Gèèjì méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan fi psi 3 ju èkejì lọ, ẹnikẹ́ni ò sì mọ èyí tó ń purọ́. Ìyẹn nìkan tó fi orí kan kọ.

Ní ìyípo kẹsàn-án, wáyà á yọ ní èjìká táyà náà. Ẹ má jẹ́ kó bẹ́. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ gbọ́ gbígbọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ sítíárì, kó wọlé fúnra rẹ̀, kí ọ̀gá sì bínú pé ó wọlé. Awakọ̀ á tọ́ka sí wáyà. Ọ̀gá á ní táyà tí òun rà ni. Owó ara awakọ̀ tó fi san ìforúkọsílẹ̀ ìdíje kẹrin ńkọ́? Ọmọ náà ò ní sọ ìyẹn, ẹ jẹ́ kó dákẹ́ sí i. Lọ́nà Ìbàdàn, wákàtí mẹ́sàn-án, nínú ankará kan náà, ẹnìkan ò bá ẹnìkan sọ̀rọ̀.

Kò sí ìdíje kẹfà. Ọkọ̀ ti wà ní Mọ́kọ́lá, wọ́n ti tún un ṣe, bóyá ìgbà tó dára jù lọ nìyẹn, torí ọ̀gá ti wá jó pátákó sínú sọ́ǹpù fúnra rẹ̀ lóru. Àmọ́ owó lọ́rì ti ìdíje kẹrin, bíi 3 àti díẹ̀, wà nílẹ̀, wọ́n sì nílò 5 mìíràn fún ti ìsinsìnyí. Oníṣọ́ọ̀bù Àràròmí ń béèrè 6 rẹ̀. Èésú oṣù náà ti pé. Alhájà ní àdéhùn ni àdéhùn, ipò kẹta lòún sọ. Onílọ́rì á wá ní aago márùn-ún ìdájí, kò ní pa ẹ́ńjìnnì, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, á béèrè owó àtijọ́, á sì padà lọ gbé ìrẹsì fún ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kó burú, kó sì má bú ẹnikẹ́ni. Òun náà ní ọmọ.

Ohun tó bá tẹ̀lé e, àwọn ẹgbẹ́ gidi náà rí i rí: ẹrù á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2014, nígbà tí Caterham, ẹgbẹ́ Formula One kan, kò ní owó mọ́, àwọn alábòójútó bẹ̀bẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ará ìlú dá owó jọ, kí wọ́n baà lè sá ìdíje ìkẹyìn ní Abu Dhabi. Ní Mọ́kọ́lá, kò sẹ́ni tó máa dá a. Bátìrì ló máa kọ́kọ́ kúrò, torí ó wúlò nínú ọkọ̀ oníbàárà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á gbé ọkọ̀ lé búlọ́ọ̀kù. Ẹ́ńjìnnì á padà sí Àràròmí láti pa gbèsè 6, pẹ̀lú sọ́ǹpù tó ní pátákó nínú, ẹni tó bá rà á ò ní mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ìjókòó á di àga tí ọmọ iṣẹ́ ń jókòó lé jẹun ọ̀sán.

Ará ọkọ̀ ni kò ní rí olùrà. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe tasí á wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, á fẹ́ràn iye rẹ̀, á sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àgò irin mm 45 yẹn, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tí wọ́n jó dáadáa, ti gba gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀. Èrò mẹ́ta ò lè jókòó síbẹ̀. Á béèrè pé èló ni wọ́n máa gbà láti gé e kúrò.